Omi Méjì ní Àsìkò Ọyẹ́

Nígbà tí ọyẹ́ bá mú, tí ètè ń ya, tí ilé-ìwé sì gba ìsinmi ọdún Kérésìmesì, òbí púpọ̀ a rò pé aṣọ tuntun àti ìrẹsì ti parí iṣẹ́ àwọn. Aṣọ dára o, ṣùgbọ́n kí ọyẹ́ mìíràn tó dé, yóò ti há mọ́ ọmọ lára. Bàbá tí ó fi gbogbo ìsinmi jókòó sí ìdí ayò, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò jọ máa rántí ọdún náà lọ́jọ́ iwájú, wọn kò sì ní rí i níbẹ̀.

Kí irú bàbá bẹ́ẹ̀ kó wọn lọ sí Ìkògòsì ní Èkìtì, tí ó wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó títí di 1996. Ìsun omi méjì ni ó wà níbẹ̀ láàrin igi: ọ̀kan lọ́ wọ́ọ́rọ́, èkejì tutù, wọ́n pàdé, wọ́n jọ ń ṣàn lọ. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́, ọmọ tí ń gbọ̀n yóò ki ẹsẹ̀ kan bọ èyí, yóò ki èkejì bọ ọ̀hún, yóò ké, yóò sì pe àbúrò rẹ̀ wá. Ìyá yóò sọ ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa omi náà, pé ìyàwó ọkùnrin kan náà ni àwọn méjèèjì, pé onínúfùfù inú wọn ni ó di èyí tí ó gbóná. Ọmọ yóò wojú bàbá: “Bàbá, èwo ni Màmá?” Bàbá tí ó gbọ́n yóò yára tú àkàrà.

Ẹni tí owó ọkọ̀ kò tó fún, òkè àti odò kò wọ́n nítòsí ilé rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ọmọ yóò ti sùn lé bàbá lẹ́sẹ̀ nínú ọkọ̀, òkúta wẹ́wẹ́ tí ó ṣà létí omi yóò sì wà nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀.