Róbert Vittek kì í ṣe olóríire lásán

Àwọn kan gbà pé oríire lásán ni Róbert Vittek ṣe ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2010 ní Gúúsù Áfíríkà. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Góòlù 4 ni atamátàsé Slovakia yìí gbá wọlé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 4, iye kan náà pẹ̀lú Klose ti Jámánì. Ẹ wo èyí tó kọ́kọ́ gbá sáwọ̀n Ítálì, àwọn tí ife ṣì wà lọ́wọ́ wọn nígbà náà: De Rossi ti Ítálì ṣi bọ́ọ̀lù gbá, Kucka ti Slovakia gbà á, ó tì í sí Vittek, Vittek ò sì dá a dúró rárá tó fi fi ẹsẹ̀ kan rọra gbá a nílẹ̀ẹ́lẹ̀ wọlé. Nígbà tí Hamšík, akẹgbẹ́ rẹ̀, tún gbá bọ́ọ̀lù mìíràn wá lẹ́yìn ìsinmi, Vittek náà ló yára ju Chiellini ti Ítálì dé ìdí rẹ̀, tó sì gbá a wọlé. Slovakia fi 3-2 borí, Ítálì sì kó ẹrù wọn lọ sílé.

Wọ́n á ní pẹnáritì ni góòlù tó gbá sáwọ̀n Netherlands, wọ́n á tún ní Ankaragücü ní Tọ́kì ló ń gbá bọ́ọ̀lù fún lásìkò náà. Òótọ́ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n orúkọ kílọ́ọ̀bù kọ́ ló ń gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Ẹni tó ti gbá 16 sáwọ̀n fún Nürnberg nínú Bundesliga ti Jámánì ní sáà 2005/06, tó sì gbá 23 fún orílẹ̀-èdè rẹ̀, iṣẹ́ tó ti mọ̀ tipẹ́ ló lọ ṣe ní Gúúsù Áfíríkà.