Ìwé Àṣẹ fún Ilé Ẹmu

Opó kan ní abúlé kan lẹ́bàá Adó-Odò tọ̀ mí wá pé kí n bá òun kọ ìwé sí Ìjọba Ìbílẹ̀ ní Ọ̀tà. Ó fẹ́ tún ilé ẹmu ọkọ rẹ̀ ṣí, èyí tí a ti tì láti ìgbà tí bàbá náà ti kú. Ó ní, “Bàbá Akọ̀wé, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ni mo ń wá.”

Àwọn kan kùn pé kò yẹ kí olùkọ́ ìjọ máa bẹ̀bẹ̀ fún ọtí. Èmi kò bá wọn kùn. Òfin Ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 fi àṣẹ títa ọtí sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ilé tí ó sì gba àṣẹ ní ẹni tí a lè bi léèrè. Ní 1919 ni àdéhùn Saint-Germain ka síse ọtí líle léèwọ̀ ní ilẹ̀ wa. Ṣé àwọn baba wa dẹ́kun? Inú igbó ni wọ́n gbé ògógóró lọ. Ní 2015, ògógóró tí oró methanol wà nínú rẹ̀ pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Òde-Ìrèlè, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Nítorí náà mo kọ ọ́: orúkọ rẹ̀, ibi tí ilé náà wà, wákàtí tí yóò máa tì í, àti pé ẹmu nìkan ni yóò máa tà. Èmi ni mo béèrè ti ìkẹyìn yìí. Ó dákẹ́ pẹ́ kí ó tó gbà, nítorí ògógóró kì í kan, ṣùgbọ́n ẹmu àná kò ní oníbàárà. Lẹ́yìn náà ni ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́.