Ìwé Ìlú Lára Ògiri

Ẹni tó bá fẹ́ wo tẹ́ḿpìlì ní gúúsù Íńdíà, Thanjavur ni wọ́n á kọ́kọ́ júwe fún un, níbi tí ọba Rajaraja Kìíní ti parí èyí tó ga fíofío ní ọdún 1010. Ó tó wò lóòótọ́. Àmọ́ ìlú kéékèèké ló wù mí jù, níbi tí bọ́ọ̀sì ti ń já èèyàn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ìrẹsì, tí ẹnikẹ́ni kì í kán èèyàn lójú. Èèyàn á bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, òkúta tó gbóná á máa jó o lẹ́sẹ̀ títí yóò fi dé abẹ́ òrùlé, níbi tí òórùn àdán, káńfọ̀ àti òróró fìtílà ti dà pọ̀.

Ère ni ọ̀pọ̀ àlejò ń wò. Èmi a máa bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀ ògiri. Ibẹ̀ ni àwọn ará àtijọ́ fín ọ̀rọ̀ ìlú sí ní èdè Tamil: ẹni tó ta ilẹ̀, ẹni tí wọ́n dá owó orí rẹ̀ sí, ẹni tó ta tẹ́ḿpìlì lọ́rẹ àgùntàn 96 kí wọ́n lè máa fi ọ̀rá wàrà wọn tan fìtílà kan ṣoṣo tọ̀sán tòru.

Ti Uthiramerur, nítòsí Kanchipuram, ló gbà mí lọ́kàn jù. Ara ògiri tẹ́ḿpìlì Vaikuntha Perumal ni wọ́n kọ òfin yíyan ìgbìmọ̀ ìlú sí láyé ọba Parantaka Kìíní, ní 919 àti 921. Àdúgbò 30 ni ìlú pín sí. Wọ́n á kọ orúkọ àwọn tó kúnjú òṣùwọ̀n sára ewé ọ̀pẹ, wọ́n á kó wọn sínú ìkòkò, wọ́n á mì ín, ọmọdé kan á sì tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹni ọdún 35 sí 70 ló kúnjú òṣùwọ̀n, tó nílẹ̀ tó ń sanwó orí lé, tó kọ́lé sórí ilẹ̀ ara rẹ̀. Ọdún kan péré ni àwọn tí wọ́n bá yàn ń lò: àwọn kan ń bójú tó adágún omi, àwọn kan ọgbà. Ẹni tó bá ti wà nínú ìgbìmọ̀ rí tí kò ro ìṣirò owó fún ìlú, òun àti ẹbí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ìkòkò: ọmọ ìyá, àna, gbogbo wọn. Ẹni tó gbé òfin yẹn kalẹ̀ mọ ọmọ aráyé.

Àwọn kan ń pè é ní ìjọba tiwa-n-tiwa. Àsọdùn ni. Ìlú àwọn Brahmin, ìran àlùfáà Híńdù, ni. Ẹni tí kò bá mọ Veda, ìwé mímọ́ wọn, ìkòkò kò kàn án. Kò kan obìnrin, kò kan àgbẹ̀ tó ń roko ìrẹsì.

Síbẹ̀, ìwé ni ògiri yẹn, ìdí sì nìyí tí ọ̀rọ̀ Gangaikonda Cholapuram fi ń bí mi nínú. Olú ìlú ọba Rajendra Kìíní ni nígbà kan. Abúlé ni lónìí, tẹ́ḿpìlì rẹ̀ sì ṣì dúró gbọn-in. Ní 1836, àwọn òyìnbó tó ń kọ́ ìdídò sórí odò Kollidam wó odi rẹ̀ kó òkúta. Àkọsílẹ̀ yòówù tó bá wà lára òkúta wọ̀nyẹn, ó ti bá ìdídò lọ. Àwọn ará abúlé tó fárígá jìyà. Àwọn òyìnbó ṣèlérí odi bíríkì fún wọn. Wọn kò mọ ọ́n.