Wọ́n ní wọn ò fẹ́ẹ́ kàwé, àṣé ilé ìwé ni kò fẹ́ wọn

Ẹ gbọ́ ohun tójú ìdílé kan rí lórílẹ̀-èdè Ireland. Ọmọ wọn ọkùnrin fẹ́ẹ́ wọ girama fún sáà ọdún 2010, ni wọ́n bá gba fọ́ọ̀mù ilé ìwé kan tó wà nítòsí wọn. Àyè ò gba gbogbo ẹni tó ń wá ibẹ̀, làwọn aláṣẹ bá ní ọmọ tí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ti kàwé níbẹ̀ rí làwọn máa kọ́kọ́ mú. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Ọmọ yìí ò ní ẹ̀gbọ́n níbẹ̀, bàbá rẹ̀ ò sì ka girama kankan rí. Ọmọ Traveller ni wọ́n.

Ẹ má rò pé àwọn tó ń rìnrìn àjò lásán ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ o. Ọmọ bíbí ilẹ̀ Ireland ni wọ́n, òyìnbó bíi tàwọn tó kù, ṣùgbọ́n láyé àtijọ́, inú kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà ni wọ́n ń gbé kiri láti ìlú dé ìlú. Wọ́n ń tún abọ́ páànù ṣe, wọ́n ń ta ẹṣin, wọ́n sì ní èdè tiwọn. Nígbà tí abọ́ rọ́bà dé, iṣẹ́ páànù kú. Lónìí, púpọ̀ wọn ló ti ń gbé ojú kan, àwọn kan nínú ilé, àwọn kan nínú ọkọ̀ tí wọ́n sọ di ilé. Ètò ìkànìyàn ọdún 2022 ka 32,949 wọn. Oṣù kẹta ọdún 2017 ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà pé ẹ̀yà kan ni wọ́n lóòótọ́.

Àwọn aládùúgbò wọn a máa sọ pé wọn ò ka ìwé sí. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wò ó. Nígbà kan, kíláàsì ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kó ọ̀pọ̀ wọn sí. Àwọn àgbà wọn ṣì ń sọ bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ fún wọn nílé ìwé lójú àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ẹni tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún, ṣé tayọ̀tayọ̀ ló máa fi mú ọmọ tiẹ̀ lọ síbẹ̀? Ìkànìyàn ọdún 2016 fi hàn pé nínú 100 obìnrin Traveller, bíi 13 péré ló ka girama parí. Láàárín àwọn ará ìlú lápapọ̀, 69 ni.

Bẹ́ẹ̀, wọ́n ti rí nǹkan tó ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìjọba ní àwọn tíṣà kan tí kì í dúró sí kíláàsì, àbẹ̀wò niṣẹ́ tiwọn. Wọ́n á lọ bá òbí nídìí ọkọ̀, wọ́n á jókòó, wọ́n á jọ mu tíì. Bí lẹ́tà bá dé láti ilé ìwé tí ìyá ọmọ ò mọ̀ ọ́n kà, tíṣà á kà á fún un. Bí ọ̀gá ilé ìwé bá ní kò sáyè, tíṣà á tẹ̀ lé ìyá lọ bá a. Bí kánsù bá lé ìdílé kan kúrò níbi tí wọ́n wà, á bá wọn wá ilé ìwé mìíràn síbi tí wọ́n bá sọ̀ sí. Ìyá tí ara rẹ̀ máa ń bù máṣọ tó bá rí géètì ilé ìwé, ẹni kan ṣoṣo tó fọkàn tán níbẹ̀ nìyẹn.

Ní 2011, ìjọba ní owó ò sí. Wọn ò dín àwọn tíṣà náà kù o, wọ́n pa iṣẹ́ ọ̀hún rẹ́ pátápátá ni. Láàárín 2008 sí 2013, owó tí wọ́n ń ná lórí ẹ̀kọ́ àwọn Traveller fi bíi 86 nínú 100 lọ sílẹ̀. Lóòótọ́, gbèsè ti wọ Ireland lọ́rùn nígbà náà, kò sẹ́ni tí ìyà ò jẹ, ṣùgbọ́n ta ni wọ́n tún gé owó rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Àwọn ilé ìwé kan wá dọ́gbọ́n mìíràn: wọ́n á ní kí ọmọ máa lọ sílé kí aago tó lù. Ìgbà tó di ọdún 2022 ni ìlànà ìjọba tó ní òbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó lè ṣe é.

Ẹjọ́ ìdílé yẹn ńkọ́? Ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìyàsọ́tọ̀ kọ́kọ́ dá wọn láre, ilé ẹjọ́ yí i dà, nígbà tó sì dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ lọ́dún 2015, wọ́n dá a nù. Ọmọ ọ̀hún ti dàgbà kọjá ohun tí wọ́n ń jà sí. Òfin ọdún 2018 ló ní ilé ìwé ò gbọ́dọ̀ fi ju 25 nínú 100 àyè sílẹ̀ fún ọmọ àwọn tó ti kàwé níbẹ̀. Kó má lọ jẹ́ pé ẹ rò pé ọ̀rọ̀ náà ò kàn wá: bàbá tó ka girama n'Ìbàdàn, tó wá ń gbé Dublin, ó ti kàwé débi kan, ṣùgbọ́n ojú kan náà ni fọ́ọ̀mù yẹn fi ń wò ó.

Lọ́dún 2024, ìjọba gbé ètò ẹ̀kọ́ tuntun jáde fún àwọn Traveller, ọdún 2030 ni yóò parí. Ọmọ ọdún méjìlá tí tíṣà ò wá bẹ̀ wò mọ́ ní 2011 ti pé ẹni ọdún márùndínlọ́gbọ̀n nígbà náà. Ọ̀pọ̀ wọn ló ti bímọ. Àwọn ló ń gba fọ́ọ̀mù báyìí.