Àyè Olùkọ́ Tí Mo Dí Lẹ́bàá Glei

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí olùkọ́ ṣe wọ́n tó nílé-ìwé ìjọba, kó má wulẹ̀ ka orí àwọn tó dúró níwájú pátákó. Kó béèrè ẹni tó ń sanwó wọn. Ohun tí iṣẹ́ volontaire (olùkọ́ tí àwọn òbí ń sanwó fún) tí mo ṣe ní abúlé kan lẹ́bàá Glei ní Togo kọ́ mi nìyẹn.

Glei wà lójú títì ńlá tó ti Lomé gba Notsè lọ sí Atakpamé. Ọkọ̀ ẹrù kì í dá níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ṣùgbọ́n béèyàn bá yà sí ọ̀nà oko, abúlé ló kù, èdè Ifẹ̀ wa ni wọ́n sì ń sọ ní púpọ̀ nínú wọn. Àwọn òbí ló fọwọ́ ara wọn kọ́ ilé-ìwé tiwa. Wọ́n ri òpó igi, wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó, wọ́n wá ọmọ ìlú tó ní ìwé-ẹ̀rí BEPC, wọ́n ní kó máa kọ́ àwọn ọmọ. EDIL ni ìjọba ń pe irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀, ìyẹn ilé-ìwé tí ará ìlú fúnra wọn dá sílẹ̀. Àwọn ọdún 1980 ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Báńkì Àgbáyé àti IMF ní kí ìjọba Togo dín ìnáwó kù, tí wọn ò gba olùkọ́ tó mọ́. Òfin ìpìlẹ̀ ti 1992, ní abala 35, wá sọ pé dandan ni kí ọmọ wà nílé-ìwé títí yóò fi pé ọdún 15. Ta ni yóò kọ́ ọ? Àwọn àgbẹ̀ ló wá olùkọ́.

Àgbàdo ni wọ́n fi ń sanwó fún mi, abọ́ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, owó séfà díẹ̀ a sì tẹ̀ lé e bí wọ́n bá ta òwú. Bàbá tó jẹ́ akápò àwọn òbí a wá bá mi nírọ̀lẹ́, a dọ̀bálẹ̀ ọ̀rọ̀ fún mi bí ẹni pé èmi ni àgbà: "Ẹ forí jì wá, tíṣà. Àgbàdo ò tíì gbẹ." N ò lè bínú sí i. Ilé tiẹ̀ náà ò rí jẹ.

Pátákó kan ni mo ní fún kíláàsì méjì. Mo fi ẹfun fa ìlà sí àárín rẹ̀ látòkè délẹ̀: ìṣirò CP1 lápá òsì, ìwé kíkà CP2 lápá ọ̀tún. Bí mo bá bi àwọn ti òsì ní ìbéèrè, àwọn ti ọ̀tún ni yóò pariwo ìdáhùn. Faransé ni iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n tí mo bá rí i pé wọn ò gbọ́, Ifẹ̀ ni mo ń fi là á yé wọn. Àtúntò ètò ẹ̀kọ́ ti 1975 mú Ewe àti Kabiyè wọ ilé-ìwé, kò mú tiwa. Olùkọ́ tí wọ́n bá rán wá láti ọ̀nà jíjìn lè dúró níwájú ọmọ ọdún mẹ́fà, kí ọmọ náà má gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu rẹ̀. Lójú tèmi, àìní olùkọ́ nìyẹn náà, kò sì sí ibi tí wọ́n ń kọ ọ́ sí.

Ìwé tí wọ́n fi ń ka olùkọ́ ló dùn mí jù. Bí ọdún ẹ̀kọ́ bá bẹ̀rẹ̀, fọ́ọ̀mù a dé, wọ́n a kọ iye kíláàsì, wọ́n a kọ iye olùkọ́, èmi náà a sì wà nínú iye yẹn. Kíláàsì ti ní olùkọ́, àyè ò ṣófo, kí ni wọ́n tún fẹ́ rán ẹlòmíì wá ṣe? Àgbàdo ṣì wà nínú àká nígbà yẹn. Tó bá di oṣù karùn-ún, àká ti ṣófo, volontaire ẹlẹgbẹ́ mi ti ń fi ọ̀kadà gbérò ní Atakpamé, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ti wá kún tèmi. Fọ́ọ̀mù kankan kì í wá ní oṣù karùn-ún.

Nígbà tí ìjọba fagi lé owó ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 2008, àwọn ọmọ rọ́ wọlé, inú mi sì dùn gidigidi. Ìjọba tún sọ ọ̀pọ̀ volontaire di auxiliaire, olùkọ́ tí ìjọba ń sanwó fún, ó gba ọ̀pọ̀ EDIL sọ́wọ́. Ó yẹ ká dúpẹ́. Síbẹ̀, níbi tí olùkọ́ ìjọba ò bá tó, àpò àwọn òbí náà ni wọ́n padà sí.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kan a máa fi òfin yan ìgbìmọ̀ tí yóò wádìí àìtó olùkọ́, wọ́n a sì dá ọjọ́ tí èsì gbọ́dọ̀ dé. Mo fẹ́ irú òfin bẹ́ẹ̀ ní Lomé. Mo fẹ́ ẹ ní Àjàṣẹ́ ti Benin náà, torí àwọn òbí ibẹ̀ ti sanwó olùkọ́ bíi tiwa. Kí òfin náà ní kí wọ́n máa ka olùkọ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kí ẹ̀ẹ̀kan bọ́ sí oṣù karùn-ún. Kíláàsì tí òbí ń sanwó olùkọ́ rẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ṣófo, bí olùkọ́ náà tilẹ̀ mọṣẹ́ dójú àmì. Kí wọ́n béèrè èdè tí olùkọ́ gbọ́ àti èdè tí àwọn ọmọ ń sọ nílé. Kí èsì náà sì dé iwájú àwọn aṣòfin kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìṣúná owó ọdún, nítorí èyí tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ kò lè mú olùkọ́ kan ṣoṣo wá sí abúlé wa lọ́dún yẹn.