Ìjánu Kí Ó Tó Di Eré: Títún Ọkọ̀ Àkẹrù Àtijọ́ Ṣe Pẹ̀lú Owó Táṣẹ́rẹ́

Kí ọkọ̀ tó dé ilẹ̀ Yorùbá ni ọ̀rọ̀ náà, ìjánu, ti wà lẹ́nu wa. Ẹnu ẹṣin ni à ń fi í sí. Òun ni ẹlẹ́ṣin fi ń dá ẹṣin dúró, òun náà ló sì fi ń darí rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ dé, a kò wá ọ̀rọ̀ mìíràn lọ sí ọ̀nà jíjìn. A mú ìjánu kúrò lẹ́nu ẹṣin, a gbé e sábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀. A tún ń lò ó fún ọmọ ènìyàn: à ń sọ fún ọ̀dọ́ pé kí ó kó ara rẹ̀ ní ìjánu, à ń sọ fún aláròkiri pé kí ó fi ìjánu sí ahọ́n rẹ̀. Ní ọdún 2024, ọ̀rọ̀ yìí ni mo fi ṣe ìpìlẹ̀ iṣẹ́ kan tí kì í ṣe ti yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ rárá, èyí ni títún ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kan ṣe pẹ̀lú owó tí kò tó nǹkan. Mo rò pé ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí ẹ̀kọ́ kọ́ nínú rẹ̀.

Peugeot 504 ni ọkọ̀ náà. Ọdún 1968 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Faransé, òun ló sì gba àmì-ẹ̀yẹ ọkọ̀ tó dára jù lọ ní Yúróòpù ní 1969. Ní 1975, ilé-iṣẹ́ Peugeot Automobile Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í so ẹ̀yà ọkọ̀ pọ̀ ní Kaduna. Láti ìgbà náà ni 504 ti di ọkọ̀ tí tọmọdé tàgbà mọ̀: ọkọ̀ àwọn ọ̀gá iṣẹ́ ìjọba, ọkọ̀ èrò tó ń lọ ọ̀nà jíjìn, ọkọ̀ olóyè, ọkọ̀ oníṣòwò. Píkọ́ọ̀pù rẹ̀, tó ní àpótí ẹrù gbayawu lẹ́yìn, jáde ní 1979. Àwọn irin súpíríǹgì pẹlẹbẹ tí a tò lé ara wọn ló gbé ẹ̀yìn rẹ̀ ró, ó sì lè ru ẹrù bíi tọ́ọ̀nù kan. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti dáwọ́ 504 tuntun dúró, ṣùgbọ́n ẹni tó bá lọ sí ọjà Àràròmí ní Agodi Gate, ní Ìbàdàn, yóò ṣì rí ẹ̀yà rẹ̀ rà.

Bàbá wa ló ni ọkọ̀ yìí. Kòkó ni ó fi ń kó láti oko wá sí Ìkirè. Lẹ́yìn tí wọ́n papò dà, ó dúró sábẹ́ igi ọsàn ní ẹ̀yìnkùlé fún ọdún mẹ́jọ. Adìẹ ń yé sínú àpótí ẹrù rẹ̀. Àwọn tí ń ra irin àlòkù wá lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n fẹ́ fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n bí ẹni ń wọn ẹran. Ẹbí fẹ́ gbà fún wọn. Àbúrò mi obìnrin ni kò jẹ́.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ni àbúrò mi ń tà. Ó ń rà á ní àwọn abúlé tó yí Ìkirè ká, ó sì ń kó o wá fún àwọn alájàpá àti àwọn tí ń dín dòdò Ìkirè. Ẹni tó bá mọ òwò yìí mọ̀ pé ọjọ́ ni ọ̀tá rẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù dára fún dòdò Ìkirè lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò tó ti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbó. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Kí oṣù náà tó parí, iye lítà bẹntiróòlù kan ti ju ìlọ́po méjì lọ. Àwọn ọlọ́kọ̀ tí àbúrò mi ń háyà fi owó kún owó wọn, wọn kì í sì í fẹ́ wọ ọ̀nà abúlé mọ́ àfi bí ẹrù bá kún. Bí ó bá ń dúró dè wọ́n, ọ̀gẹ̀dẹ̀ a pọ́n. Bí ó bá sanwó tí wọ́n ń bèèrè, èrè a tán. Ó wá bá mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ̀ Bàbá ń jẹrà lẹ́yìnkùlé, èmi náà sì ń jẹrà lójú ọ̀nà.”

Ìdáhùn mi ni pé mo lọ yá ₦450,000 nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwa olùkọ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ owó oṣù olùkọ́ mọ̀ pé kò sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Mo mú ìwé, mo ṣe é gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe ìlapa èrò fún àròkọ. Ìlà márùn-ún ni mo kọ sílẹ̀: ohun tó ń dá ọkọ̀ dúró, ohun tó ń mú un tutù, ohun tó ń mú un lọ, ohun tó ń ru ẹrù, ohun tó ń mú un wu ojú. Mo pinnu pé owó kò ní í kan ìlà kejì àfi bí iṣẹ́ ìlà kìíní bá parí. Ọ̀gá mẹkáníìkì tó mọ ọkọ̀ náà láti ayé bàbá wa ka ìwé náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Tíṣà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ìwé yín ni. Ọ̀dà ni wọ́n kọ́kọ́ ń kùn.”

Ìjánu ni a kọ́kọ́ tú palẹ̀. Bíréèkì 504 yìí jẹ́ oníríṣi méjì, àwo irin ní iwájú, ìlù ní ẹ̀yìn. A gbé àwọn àwo náà lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ ẹ̀rọ kí ó fá ojú wọn tẹ́jú. Àwọn ṣúù ẹ̀yìn kò nílò pààrọ̀; a kan láínììnì tuntun mọ́ wọn, èyí sì dín owó kù púpọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo rọ́bà inú rẹ̀ ni a pààrọ̀, àti páìpù irin méjì tí ìpẹtà ti jẹ. A da omi bíréèkì àtijọ́ nù pátápátá. Omi yìí a máa fa ọ̀rinrin láti inú afẹ́fẹ́. Bí ó bá pẹ́ nínú ọkọ̀, ọ̀rinrin náà a máa hó nígbà tí bíréèkì bá gbóná ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ẹsẹ̀ awakọ̀ a sì tẹ òfìfo. Àwọn kan ń da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i nítorí pé ó pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ọ́ìlì náà ń mú kí rọ́bà wú, bíréèkì a sì dákú. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Táyà wà nínú ìlà kìíní yìí pẹ̀lú. Ara táyà kọ̀ọ̀kan ni nọ́ńbà mẹ́rin wà tó ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún. Bí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Mo ka nọ́ńbà yìí lára táyà tòkunbọ̀ tó ń dán gbinrin, mo sì dá a padà fún olówó rẹ̀. Tuntun ni mo rà. Nígbà tí a parí ìlà kìíní, owó tó lé ní ìdá mẹ́ta àbọ̀ nínú mẹ́wàá ti lọ, ọkọ̀ kò sì tíì lè rìn ní ẹsẹ̀ bàtà kan. Àwọn ará ilé ń wò mí bí ẹni tó ra ìjánu kí ó tó ra ẹṣin.

Ní ti ẹ̀rọ, èéfín ni ọ̀gá mẹkáníìkì fi mọ àrùn. Ó wá bátìrì, ó fi epo díẹ̀ jí ẹ̀rọ náà, ó sì pè mí kí n wá wo ẹ̀yìn ọkọ̀. Bí èéfín bá funfun tí kò dáwọ́ dúró, omi ti ń wọ ibi tí iná ń jó. Gásíkẹ́ẹ̀tì ni kí a fura sí. Bí ó bá dúdú, epo ló pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá ní àwọ̀ aró, ẹ̀rọ ń jẹ ọ́ìlì. Tiwa ní àwọ̀ aró, ó sì tún ń húkọ́. Bàbá náà tẹ́tí sí i, ó ní, “Ọ̀tọ̀ ni àìsàn, ọ̀tọ̀ ni ikọ́. Àìsàn rẹ̀ wà nínú àyà. Ikọ́ yìí, ti ọ̀fun ni.” Kábúrétọ̀ ni ó ń pè ní ọ̀fun, epo àtijọ́ ti dì sínú rẹ̀ bí oje igi. A tú u, a fọ̀ ọ́, ikọ́ náà sì lọ.

Fún àyà, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà mí nímọ̀ràn pé kí n yọ ẹ́ńjìnnì náà dànù, kí n ra tòkunbọ̀ ti ọkọ̀ ilẹ̀ Japan fi rọ́pò. Owó ẹ́ńjìnnì nìkan kọ́ nìyẹn; a ó jó irin tí yóò gbé e, a ó tún wáyà tò. Ẹ́ńjìnnì 504 sì ní ore-ọ̀fẹ́ kan tí kò wọ́pọ̀. Sílíìfù tí píṣítínì ń lọ bọ̀ nínú rẹ̀ ṣe é yọ, omi rédíétọ̀ ló sì yí i ká. Bí ó bá gbó, a kò ní láti gbẹ́ irin ńlá. A ó yọ mẹ́rin, a ó fi mẹ́rin tuntun pẹ̀lú píṣítínì wọn sí i. Ìṣọ́ra rẹ̀ ni pé bí a bá ti ṣí tọ́ọ̀pù sìlíńdà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yí ẹ̀rọ láìjẹ́ pé a ti de sílíìfù mọ́lẹ̀, kí ìdí rẹ̀ má baà là, kí omi má baà dà sínú ọ́ìlì. Irin tọ́ọ̀pù náà, alumíníọ̀mù ni. Ooru àpọ̀jù a máa mú un tẹ̀. Ìdí nìyí tí ìtutù fi ṣáájú ìrìn nínú ìwé mi. A fọ rédíétọ̀ mọ́, a pààrọ̀ họ́ọ̀sì, a sì de fáànù, tí mágínẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti kú, mọ́ ìdí rẹ̀ kí ó máa yí nígbà gbogbo. Ọmọ iṣẹ́ kan fẹ́ yọ tamositáàtì jù sílẹ̀ bí àṣà ọ̀pọ̀ ìsọ̀, ó ní kí ẹ̀rọ lè máa tutù. Ọ̀gá rẹ̀ kọ̀. Ẹ̀rọ tí kò tètè gbóná tó bó ti yẹ ń mu epo ju bó ti yẹ lọ, ta ni yóò sì san owó epo náà lóde òní?

Àyípadà kan tí mo tún ṣe ni pé mo yọ kọ́ńtáàtì inú ẹ̀rọ, tí àlàfo rẹ̀ gbọdọ̀ wà ní ìwọ̀n nǹkan bí 0.4 mílímítà, tó sì ń gbó lóòrèkóòrè, mo fi ẹlẹ́kitiróníìkì rọ́pò rẹ̀.

Ìlà kẹrin ló dá ìjà sílẹ̀. Ewé súpíríǹgì kan ti ṣẹ́ lẹ́yìn. Àbúrò mi ní kí a má fi mọ sórí pípààrọ̀ rẹ̀, kí a fi ewé méjì kún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a sì gbé pákó àpótí ẹrù ga sókè ju orí ọkọ̀ lọ. Ìṣirò rẹ̀ mọ́gbọ́n wá. Ẹrù púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, epo ẹ̀ẹ̀kan. Ẹrù díẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, epo ẹ̀ẹ̀mejì. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti fi owó tó pọ̀ jù tún ohun tí yóò dá mi dúró ṣe. Ẹ jẹ́ kí díẹ̀ ṣẹ́kù fún ohun tí yóò mú owó wọlé.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí nítorí pé òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà abúlé wọn ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tó já sí afárá tóóró lórí odò. Àwọn obìnrin tó ń gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ a sì máa gòkè jókòó lórí ẹrù nígbà ìrọ̀lẹ́, ọmọ lẹ́yìn wọn. Súpíríǹgì tí a fi kún un yóò gbé ẹrù sókè. Kò ní í fi kún agbára bíréèkì, bẹ́ẹ̀ ni kò ní í fi kún agbára táyà. Ọkọ̀ a kàn dúró gírí bí ẹni pé kò ru nǹkan kan, títí yóò fi di ọjọ́ tí awakọ̀ yóò tẹ ìjánu lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Mo ní kí wọ́n pààrọ̀ ewé tó ṣẹ́ nìkan, kí pákó má ga ju orí ọkọ̀ lọ, kí ẹnikẹ́ni má sì jókòó lórí ẹrù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àbúrò mi kò fi bá mi sọ̀rọ̀ tó kọjá “ẹ káàárọ̀.”

Ó wá rí ọ̀nà fúnra rẹ̀. Òun àti obìnrin méjì mìíràn dá owó epo pọ̀, wọ́n ń ná ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọn kì í sì í pọ́n kí ó tó dé ọjà mọ́. Èrè rẹ̀ kò tó iye tó fojú sùn. Títí di òní, kò gbà pé gbogbo ohun tí mo ṣe ló tọ́, n kò sì fi dandan lé e pé kí ó gbà. Ẹni tó ń san gbèsè òwò ní ẹ̀tọ́ láti ráhùn sí ìjánu.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá dé ìsọ̀ mẹkáníìkì, ẹ má kàn jókòó síbẹ̀ kí ẹ máa retí pé kí wọ́n parí iṣẹ́. Ẹ tẹ́tí sí èdè wọn. Ọkọ̀ wọn ń jẹun, ó ń mumi, ó ń húkọ́, ó ní ẹsẹ̀, ó ní àyà, ó ní ọ̀fun. Àwọn tí kò jókòó sí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ ló fi ara ènìyàn ṣe àpèjúwe irin, tí ọmọ iṣẹ́ wọn fi ń tètè mọ ibi tí àrùn wà. Ẹ sì bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ fi owó díẹ̀ tún ohun àtijọ́ ṣe, ìbáà jẹ́ ọkọ̀ tàbí ilé: kí ni yóò dá a dúró bí ọ̀ràn bá dé?

Ní ti ìlà karùn-ún, owó kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀dà ara ọkọ̀ náà ṣì ń ṣí kúrò, ilẹ̀kùn kan sì ní àwọ̀ tó yàtọ̀ sí èkejì.