Ìtọ̀ Tí Kò Rọ́nà Lọ

Iṣẹ́ kíndìnrín jọ iṣẹ́ ẹni tí ń sẹ́ ògì, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbà wọlé, tí ó ń sẹ́ ẹ, tí ó ń dá èyí tí ó wúlò padà fún ara, tí ó sì ń ya ìdọ̀tí sọ́tọ̀. Nǹkan bí lítà 180 omi ni kíndìnrín méjèèjì ń sẹ́ láti inú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà lójúmọ́, ṣùgbọ́n lítà 1 sí 2 péré ni ó ń di ìtọ̀, tí iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ń gbé sọ̀kalẹ̀ sínú àpò ìtọ̀.

Bí ọ̀nà yìí bá dí, kíndìnrín kì í tètè dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ lọ, ìtọ̀ tí kò rí ibi gbà á sì padà sẹ́yìn, á kún ihò tí ó wà láàrin kíndìnrín, ihò náà á máa fẹ̀, títí ẹran tí ń ṣiṣẹ́ yóò fi di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Èyí ni àwọn oníṣègùn ń pè ní hydronephrosis, orúkọ tí wọ́n ṣẹ̀dá láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì, èyí tí ó dúró fún omi àti èyí tí ó dúró fún kíndìnrín. Kì í ṣe àrùn tí ó dá dúró. Ẹni tí ó bá ń wo wíwú náà láìwá ohun tí ó dí ọ̀nà kò tíì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú rárá.

Ohun náà lè jẹ́ òkúta, tàbí jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, tàbí kókó tí ó yí ọ̀nà ìtọ̀ ọkùnrin ká lábẹ́ àpò ìtọ̀, tí ó máa ń tóbi bí ọjọ́ orí ti ń gòkè. Oyún pàápàá lè fún ọ̀nà náà mọ́ra díẹ̀, ṣùgbọ́n èyí sábà máa ń lọ lẹ́yìn ìbímọ.

Èyí tí ó yẹ kí ó ká àwọn Yorùbá lára jù ni àtọ̀sí ajá. Aràn tí ń fà á, tí Theodor Bilharz, oníṣègùn ará Jámánì, ṣàwárí ní Cairo lọ́dún 1851, ń ti inú ìgbín kéékèèké inú omi jáde, á sì gba awọ ara ẹni tí ó wọ odò wọlé. Àwọn abúlé tí ó wà létí ìsédò Ọyán, nítòsí Abẹ́òkúta, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1983, mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹyin aràn yìí ń bá ìtọ̀ jáde pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀ ń há sára àpò ìtọ̀ àti ìsàlẹ̀ iṣan méjèèjì, ara á di àpá yí i ká, iṣan á le, á sì fún. Ó dunni pé ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n ń ka ẹ̀jẹ̀ inú ìtọ̀ ọmọdékùnrin sí ohun tí yóò lọ fúnra rẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni kíndìnrín máa ń san gbèsè náà.

Òkúta a máa ro aláìsàn lára débi tí kò ní lè sùn, ṣùgbọ́n ìdínà tí ó ń fún díẹ̀díẹ̀ lè máà dunni rárá, ìtọ̀ sì lè máa jáde bí ó ti yẹ, nítorí pé kíndìnrín kejì ń ṣiṣẹ́ méjèèjì. Nítorí náà ni àyẹ̀wò sikáànù fi wúlò púpọ̀: kò dunni, ó sì ń fi omi tí ó kún inú kíndìnrín hàn. Bí wọ́n bá tètè ṣí ọ̀nà, ìbáà jẹ́ pẹ̀lú rọ́bà tí wọ́n tì bọ̀ ọ́ tàbí iṣẹ́ abẹ, kíndìnrín lè padà bọ̀ sípò. Bí ìdínà pátápátá bá pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èyí tí ó ti bàjẹ́ kì í padà mọ́. Oògùn praziquantel ń pa aràn àtọ̀sí ajá, kò sì lè tú àpá tí ó ti gbó.